Ọmọ Tí Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Fi Ń Ṣe Yẹ̀yẹ́

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ìwé àwọn ìdílé ní oṣù yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu kì í tètè gbà á sọ, nítorí pé ẹni tí ó ń dùn kò rí ẹnu sọ ọ́, ẹni tí ó sì ní ẹnu kò rò pé ó tó ohun tí à ń sọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fòòró ní ilé-ìwé, lójú pápá ìṣeré, ní ìdí ẹ̀rọ omi, títí tí ẹ̀rù fi gba inú rẹ̀ kan.

Bí a bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láàárín àwọn òbí, ìdáhùn mẹ́rin ni a sábà máa ń gbọ́, a sì ti gbọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi mọ ẹni tí yóò sọ èwo kí ó tó la ẹnu. Àwọn bàbá tí ó ti oko dé a máa wí pé: "Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwa náà, a kò kú." Àwọn mìíràn a ní àwọn ti sọ fún ọmọ àwọn pé bí wọ́n bá gbá a létí, kí ó gbá wọn padà, bí ó bá sì sunkún wálé, àwọn fúnra wọn ni yóò fi kún un. Àwọn ìyá a kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà wọn a fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá kì í ṣe pé ẹnìkan ń fi ojú burúkú wo ọmọ náà, nítorí pé gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni inú ń run ún. Àwọn olùkọ́ tí ó wà láàárín wa a ní eré ọmọdé ni, kí a má fi ọ̀rọ̀ ọmọdé da ilé rú.

A kò ní fi ìkankan nínú ìdáhùn wọ̀nyí ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n àwa ti jókòó ti àwọn ọmọ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú wa ti rí.

Ọmọdékùnrin kan wà nínú àwọn tí a ń kọ́ ní katikísìmù, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Akólòlò ni. Ọpọlọ rẹ̀ pé ju ti ọ̀pọ̀ lọ: bí ẹ bá fún un ní ẹfun, yóò ti kọ ìdáhùn sára pátákó kí àwọn ìyókù tó gbọ́ ìbéèrè yé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ó dìde kí ó fi ẹnu sọ ọ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ a há sí i lọ́fun, àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí ó tún un sọ: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ó bá dé ẹ̀ẹ̀marùn-ún, wọn a pàtẹ́wọ́. Wọ́n fún un ní orúkọ ìnagijẹ kan, orúkọ ẹ̀rọ tí ó ń lọ àgbàdo, nítorí bí ẹ̀rọ náà ti ń dún kí ó tó gbéra. Nígbà tí ó pẹ́, kì í ṣe pé ọmọ náà kò fẹ́ dáhùn mọ́ nìkan. Kò fẹ́ kí a pe orúkọ òun mọ́, àní láti fi mọ ẹni tí ó wá. Bí a bá ti dé orúkọ tí ó ṣáájú tirẹ̀ nínú ìwé, a óò rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí orúnkún.

A lọ bá bàbá rẹ̀. Ènìyàn rere ni, ó fún wa ní àga àti omi. Ó ní àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni òun ń gbìn, òun kò gbin ẹkún, òun kò sì mọ ibi tí ọmọ náà ti rí i kórè. A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọ náà wà ní ẹnu ọ̀nà, ó ń gbọ́.

Ìtìjú yàtọ̀ sí ìpayà. Onítìjú a máa fà sẹ́yìn níwájú àlejò, bí ó bá sì ṣe díẹ̀, ara rẹ̀ a balẹ̀, yóò bá wọn jẹun. Ẹni tí ìpayà bá mú kò rí bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ kí ohun náà tó dé, kò balẹ̀ nígbà tí ó dé, kò sì balẹ̀ lẹ́yìn tí ó lọ tán, nítorí ọ̀la ni ó ń rò. Àyà rẹ̀ a máa já, òógùn a bò ó, inú a máa run ún ní tòótọ́, kì í ṣe irọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú àwọn ọ̀dọ́ 7 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 10 sí 19, ẹnìkan ni ó ní àìsàn ọkàn kan tàbí òmíràn, ìpayà àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì wà lára èyí tí ó wọ́pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ kò ṣi ohun tí ẹ rí rí. Inú ń run ọmọ náà. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wò ó bóyá ibà tàbí aràn ni. Bí wọn kò bá rí nǹkan kan, ẹ wo àkókò tí ó ń ṣe é. Bí inú rírun náà bá ń lọ ní ọjọ́ Ẹtì, tí ó ń padà wá ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí kò sì sí rárá nínú ìsinmi gígùn, ẹ má wá ẹlẹ́yinjú burúkú kiri àdúgbò. Ibà kì í mọ ọjọ́ ìsinmi.

Ohun tí ó burú nínú ọ̀ràn yìí ni pé àwọn nǹkan méjèèjì ń bí ara wọn. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà ni ó rọrùn láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ó ń dún bí a bá fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá sì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ tán, ẹ̀rù rẹ̀ a pọ̀ sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ kò ní mọ èyí tí ó ṣáájú mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Dan Olweus, ọmọ Sweden tí ó ṣiṣẹ́ ní Norway, tí ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ọ̀ràn yìí ní nǹkan bí ọdún 1970, fi ohun mẹ́ta ya ìfòòró sọ́tọ̀ kúrò lára eré. Ẹni tí ó ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é. Ó ń ṣe é léraléra. Ẹni tí a ń ṣe é sí kò sì ní agbára tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ nítorí pé ó kéré, tàbí nítorí pé àwọn tí ó dojú kọ ọ́ pọ̀. Ní Norway náà, àwọn òbí àti olùkọ́ ń sọ pé eré ọmọdé ni, títí di ìparí ọdún 1982, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ní apá àríwá orílẹ̀-èdè náà gba ẹ̀mí ara wọn, tí gbogbo ènìyàn sì rí i pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ nítorí ohun tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń ṣe sí wọn. Ní 1983 ni ìjọba wọn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí gbogbo ilé-ìwé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Ìwé tí UNESCO gbé jáde ní 2019 sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ kan nínú mẹ́ta káàkiri ayé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fòòró láàárín oṣù kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ní ọmọ mẹ́ta ní ilé-ìwé, ẹ wo ojú wọn ní alẹ́ òní.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń wá lọ sí Norway? Àwa ará Bẹ̀nẹ̀ ní tiwa. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún kò nílò kí a ṣàlàyé ohun tí à ń pè ní signal. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ òbí wà láàárín wa tí kò rí i rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́.

Okùn ni, tí a so nǹkan mọ́: egungun ẹran, tàbí ìkarahun ìgbín, tàbí pátákó kékeré. Ní àárọ̀, ọmọ kan ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí a bá gbọ́ tí ó sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé, ọrùn rẹ̀ ni okùn náà ń lọ, yóò sì wà níbẹ̀ títí òun náà yóò fi rí ẹlòmíràn mú. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí a bá lu agogo ìkẹyìn ni yóò jẹ ẹgba, tàbí tí yóò gbá gbogbo ọgbà. Ẹ wo bí wọ́n ti ṣètò rẹ̀. Ìyà náà kò sí lọ́wọ́ olùkọ́. Olùkọ́ lè jókòó sínú òjìji kí ó máa ka ìwé rẹ̀. Àwọn ọmọ ni ó ń ṣọ́ ara wọn, tí wọ́n ń dẹ ara wọn, tí wọ́n ń tan ara wọn sọ̀rọ̀ kí ìkarahun ìgbín lè kúrò lọ́rùn tiwọn.

Àwa náà gbé e kọ́rùn, ní ilé-ìwé kan tí a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá wa àgbà gbé àkàrà wá fún wa ní àkókò ìsinmi, a sì dọ̀bálẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́. Kí a tó dìde, okùn ti wà lọ́rùn wa. Ìyá àgbà wò ó, ó béèrè irú oògùn wo ni wọ́n so mọ́ ọmọ òun lọ́rùn, àti pé ta ni ó ní kí wọ́n soó. A kò lè dá a lóhùn, nítorí bí a bá tún sọ̀rọ̀, ẹgba yóò di méjì. Ó gbé àwo rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà kò tún wá sí ẹnu ọgbà náà mọ́.

Àwọn tí ẹnu wọn yá, okùn náà kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti mọ bí a ti ń tẹ ènìyàn ní ẹsẹ̀ kí ó pariwo ní èdè ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ara wọn kì í balẹ̀ ni ó ń pẹ́ lọ́rùn wọn jù. Ọ̀kan wà ní kíláàsì wa tí ó rí ọ̀nà àbáyọ tirẹ̀: ó yàn láti má sọ̀rọ̀ rárá. Kò sọ Yorùbá, kò sọ Faransé, láti àárọ̀ títí di ìgbà tí a bá jáde. Àwọn olùkọ́ yìn ín pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Kò dé CM2 tí ó fi kúrò. Títí di òní, bí a bá pàdé rẹ̀ lọ́jà Kétu, orí ni ó ń mì sí wa.

Nígbà tí a wà ní séminaire ni a kà pé kì í ṣe àwa nìkan. Ní Bretagne, ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, bàtà onígi ni wọ́n ń gbé kọ́ ọmọ tí ó bá sọ èdè Breton lọ́rùn. Bernard Dadié, ọmọ Côte d'Ivoire, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé Climbié ní 1956. Ngũgĩ wa Thiong'o kọ ní 1986 pé ní Kenya, irin tí a kọ ọ̀rọ̀ èébú sí ni wọ́n ń gbé kọ́ ọmọ tí ó bá sọ Gĩkũyũ, àwọn ọmọ náà ni ó sì ń mú ara wọn. Èdè yàtọ̀, ohun tí a fi kọ́ ọrùn yàtọ̀, ọgbọ́n náà kò yàtọ̀.

Ìdí tí a fi sọ ìtàn yìí gùn tó bẹ́ẹ̀ ni pé láti inú rẹ̀ ni ìdáhùn àkọ́kọ́ yẹn ti wá. Àwọn tí ó ń sọ pé "wọ́n ṣe é sí wa, a kò kú," àwọn tí okùn náà kò pa lẹ́nu mọ́ ni. Àwọn tí ó dákẹ́ kò sí ní ìpàdé òbí láti wá sọ tiwọn. Wọ́n ní signal ni ó kọ́ wa ní Faransé. Lóòótọ́ ni a gbọ́ Faransé, àwa tí a ń kọ èyí náà gbọ́ ọ, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá wa Thomas Mouléro, ọmọ Kétu, ẹni tí a fi joyè àlùfáà ní 1928, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú gbogbo ọmọ ilẹ̀ Dahomey, láti ẹnu àwọn àgbà ni ó ti kó ìtàn Kétu àti ti Ṣábẹ̀ jọ, èdè tí wọ́n wá ń so egungun mọ́ ọmọ lọ́rùn nítorí rẹ̀ ni àwọn àgbà náà sì fi sọ ọ́ fún un.

Bàbá àgbà kan sọ fún wa pé ìlú tí Dahomey fọ́ ní 1886, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Àgbómẹ̀, tí wọ́n sì tún padà wá tẹ̀ dó ní 1894, kò yẹ kí ọmọ inú rẹ̀ máa sunkún nítorí yẹ̀yẹ́. A bọ̀wọ̀ fún bàbá náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọ̀ wá lára. Ohun tí a fi dá a lóhùn ni pé àwọn tí ó tún Kétu tẹ̀ dó jọ ṣe é ni. Kò sí ẹni tí a fi sílẹ̀ kí ó dá tirẹ̀ mọ láàárín àwọn tí ń fi ṣẹ̀sín. Ọmọ tí à ń sọ nípa rẹ̀ yìí dá wà. Bàbá náà ní òun yóò rò ó.

Àwa ará Kétu kì í sì ṣe ẹni tí kò mọ agbára ẹ̀sín. Ìlú wa ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, èyí tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ìṣúra gbogbo ayé, tí wọ́n sì kọ sínú ìwé àjogúnbá ní 2008 ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Bí ẹnìkan nínú ìjọ bá fẹ́ bá wa jiyàn lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni èyí: ní òru Ẹ̀fẹ̀, a máa ń fi orin bú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ta ni ń bú? Àgbàlagbà tí ìlú mọ̀, tí ó da aṣọ bo ojú, tí ìlú fún ní àṣẹ ní òru kan. Ta ni à ń bú? Olè, oníwà ìbàjẹ́, ẹni tí ó ní agbára tí ó ń ṣi agbára lò. Àwọn baba wa mọ̀ pé ohun mímú ni ẹ̀sín, wọn kò sì fi í sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni kàn máa gbé e kiri. Àwa ni a wá fi í lé ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́, kí ó máa fi gún akólòlò lójoojúmọ́, a sì ní eré ni.

Ẹ jẹ́ kí a tún sọ ti àwọn ọmọ tí ó ti Nàìjíríà bọ̀, nítorí wọ́n pọ̀ láàárín wa. Bàbá lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí ní Abẹ́òkúta, ọmọ dàgbà níbẹ̀, iṣẹ́ bàjẹ́, wọ́n padà wálé. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ Faransé, nítorí náà a fi ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sí kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. A mọ ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní "ìyá kíláàsì". Bí ó bá wọlé, gbogbo wọn a dìde kí i, wọn a ní kí ó fún àwọn lọ́mú. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Lẹ́yìn náà ẹnìkan fi tẹlifóònù ya fídíò rẹ̀ níbi tí ó ti ń ka Faransé ní ìdí pátákó, fídíò náà sì wọ inú WhatsApp, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀. Ní ìgbà tiwa, bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti kúrò nínú ọgbà ilé-ìwé, o bọ́ di ọ̀la. Ti ìsinsìnyí ń tẹ̀ lé ọmọ wọ inú yàrá.

Nípa ti "gbá a padà", àwa kò ní sọ pé kò sí ìgbà tí ó ṣiṣẹ́. Láàárín àwọn méjì tí agbára wọn dọ́gba, ó lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìpayà mú, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kí a tó pe orúkọ rẹ̀, kò lè gbá ẹnikẹ́ni. Ohun tí ìmọ̀ràn náà ń ṣe fún un ni pé ẹrù rẹ̀ di méjì: ní ilé-ìwé, ó jẹ́ ẹni yẹ̀yẹ́, ní ilé, ó jẹ́ ẹni tí ó já bàbá rẹ̀ kulẹ̀. Lẹ́yìn náà kò ní sọ fún yín mọ́, ẹ̀yin a sì rò pé ó ti parí. Ẹ má sì ṣe wọ inú ọgbà ilé-ìwé lọ láti gbá ọmọ ọlọ́mọ létí. A ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ yín ni yóò san án.

Òfin wà. Ìwé àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti 1989, tí Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí ní 1990, sọ pé ìbáwí ilé-ìwé gbọ́dọ̀ bá iyì ọmọ mu. A ní Code de l'enfant tiwa láti oṣù kejìlá ọdún 2015. Àwọn Faransé, láti oṣù kẹta ọdún 2022, ti sọ ìfòòró ní ilé-ìwé di ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń torí rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ó dára kí a mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ agbófinró kò dé ìdí ẹ̀rọ omi, kò sì ní gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ka ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹgbẹ́ àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́, APE, ni ó súnmọ́ wa jù, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbẹ̀. Ẹ má dá lọ. Òbí kan ṣoṣo ni a máa ń sọ fún pé eré ọmọdé ni; bí ó bá di mẹ́rin, wọn a gbé àga fún wọn.

Ní Finland, àwọn olùkọ́ Yunifásítì Turku ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní KiVa, tí ó tàn dé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wọn láti 2009. Ohun tí wọ́n rí ni pé kì í ṣe ẹni tí ń fòòró àti ẹni tí à ń fòòró nìkan ni ó wà nínú ọ̀ràn náà. Àwọn tí ó dúró tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín ni epo tí iná náà ń jó. Bí àwọn yẹn bá dákẹ́, iná náà a kú. Àwa gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wa akólòlò. A kò pe àwọn tí ń kà lẹ́yìn síta, nítorí a mọ̀ pé ọmọ náà ni yóò tún jẹ ìyà rẹ̀. A pe àwọn mẹ́ta tí ó jókòó láàárín, tí wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín nítorí pé gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, a sì bẹ̀ wọ́n ní ohun kan ṣoṣo: kí wọ́n má rẹ́rìn-ín mọ́. Bákan náà, ẹ mọ̀ pé akólòlò kì í sábà kólòlò bí ó bá ń kọrin, kì í sì í sábà kólòlò bí òun àti ẹlòmíràn bá jọ ń kà á pọ̀. Mósè fúnra rẹ̀ sọ pé ẹnu òun wúwo, Ọlọ́run kò sì nà án, Áárónì ni ó fi tì í lẹ́yìn. A wá Áárónì fún ọmọ wa, ọmọ àdúgbò Ìdẹ̀nà kan tí ohùn rẹ̀ dún bí agogo, àwọn méjèèjì sì jọ ń dìde ka ìdáhùn. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí kíkà ẹ̀yìn tó dáwọ́ dúró. Orúkọ ẹ̀rọ àgbàdo náà kò tíì parẹ́ pátápátá, a kò ní purọ́ fún yín.

Àwọn kan wà tí ọ̀ràn wọn ti jinlẹ̀ ju èyí lọ: ọmọ tí kò jẹun mọ́, tí kò sùn, tí ó ń sọ pé òun ìbá má sí. Ẹ má fi irú rẹ̀ pamọ́ sínú yàrá. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Jacquot, ní Cotonou. Ó jìnnà, ṣùgbọ́n ó wà. Ilé ìtọ́jú Saint-Camille wà ní Avrankou, nítòsí Porto-Novo. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀, Grégoire Ahongbonon, ní Kétoukpè ni wọ́n ti bí i, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí ẹnu ààlà. Iṣẹ́ táyà ni ó ń ṣe ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire, kí ó tó di ẹni tí ń tú àwọn alárùn ọpọlọ kúrò nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti rí ọjọ́ tí ayé sú u. Kò fi í pamọ́, ó sì ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ó ku ibì kan tí a kò tíì fọwọ́ kàn, ilé wa gan-an sì ni. Ní ọ̀pọ̀ agboolé wa, bí ọmọ bá tọ́lé, a ó ní kí ó gbé ẹní rẹ̀ lérí yí àdúgbò ká ní òwúrọ̀, kí àwọn ọmọdé máa kọrin tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà a dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn a máa rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ ọ, kí wọ́n tó gbé e dé ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń tọ́lé kò mọ ìgbà tí ó jáde lára wọn, bí ẹ̀rù bá sì pọ̀ sí i fún wọn ni ó tún ń burú sí i. Nítorí náà ẹni tí ó gbé ẹní lérí ní òní ni yóò tún gbé e ní ọ̀la.

Ìyá kan ní Ìdígny, opó ni, ó ní ọmọ-ọmọ méje lọ́dọ̀, ọ̀kan nínú wọn ń tọ́lé. Ó sọ fún wa pé òun ti fòpin sí orin náà ní agboolé òun. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kí àkùkọ tó kọ ní ó ń jí, yóò jí ọmọ náà jẹ́jẹ́, yóò ká ẹní náà, yóò fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ilé, yóò sì sá a sórí ọgbà níbi tí àwọn ẹní yòókù wà, nítorí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹní gbogbo àwọn méjèèje lójoojúmọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹní méje ni ó ń gbẹ lórí ọgbà, kò sì sí ẹni tí ó mọ ti ta ni ó kọ́kọ́ tutù.